Henry Royce: ọkùnrin tó fún ẹ́ńjìnnì lóúnjẹ, tó gbàgbé ikùn ara rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Lọ́dún tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí n fọwọ́ ara mi ba ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi jẹ́. Iná pupa kékeré kan, èyí tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì, ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Á tàn, á kú, á tún tàn. Mo sọ fún ara mi pé wáyà ló ń ṣe é. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó, bí ìgbà tí èèyàn ń fi òòlù kan ilẹ̀kùn onírin. Mo rọra gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi. Kò tíì ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì rárá tó ti ní kí n pa á kíákíá.

Ó tú abọ́ tó ń gba ọ́ìlì sílẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó wá fi ìka ha nǹkan dúdú kan tó ki bí àmàlà kúrò lára asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń mu ọ́ìlì. Pọ́ǹpù ò bàjẹ́ o. Èmi ni mi ò pààrọ̀ ọ́ìlì nígbà tó yẹ, tí ọ̀nà ọ̀fun ẹ́ńjìnnì fi dí. Mẹkáníìkì yìí wá sọ fún mi pé ariwo tí mò ń gbọ́ yẹn, ebi ló ń pa ẹ́ńjìnnì tó fi ń ké.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Òun ló mú mi lọ ka ìtàn ọkùnrin kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ ẹni tó jẹ́. Ẹ ti rí orúkọ yẹn níwájú mọ́tò táwọn olówó fi ń gbé ìyàwó, ẹ dẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olórin tó ń fi owó yangàn. Rolls-Royce. Rolls ni ọmọ olówó ibẹ̀. Royce ni ọmọ tálákà. Ti Royce ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ọmọ tí ebi tọ́ dàgbà

Ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 1863 ni wọ́n bí Frederick Henry Royce ní abúlé Alwalton, nítòsí Peterborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ márùn-ún. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọlọ, wọ́n ń lọ ọkà di ìyẹ̀fun. Okòwò náà dẹnu kọlẹ̀, wọ́n bá kó lọ sí London láti wá oúnjẹ òòjọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré ni Royce nígbà tí bàbá rẹ̀ kú sí ilé tí ìjọba ń kó àwọn aláìní sí.

Bí ọmọ náà ṣe bọ́ sí títì nìyẹn. Ó ta ìwé ìròyìn fún ilé iṣẹ́ W. H. Smith ní ibùdókọ̀ ojú irin. Nígbà tó dàgbà díẹ̀ sí i, ó ń fi ẹsẹ̀ gbé tẹligíráàmù láti ilé dé ilé. Tí ẹ bá ro gbogbo ìgbà tó lò nílé ìwé pọ̀, bóyá ló ju ọdún kan lọ.

Ní 1878, àǹtí rẹ̀ kan ṣàánú rẹ̀. Àǹtí yìí gbà láti máa san 20 pọ́ùn lọ́dọọdún kí Royce lè kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rélùwéè Great Northern ní Peterborough. Ọmọ náà gbé iṣẹ́ náà mì bí ẹni mumi. Ibi tó wọ̀ sí, bàbá onílé ní ṣọ́ọ̀bù irin iṣẹ́ nínú àgbàlá, ibẹ̀ náà ni Royce ń wà lálaalẹ́. Àmọ́ lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, owó tán lọ́wọ́ àǹtí. Kò sí fríìdọ́ọ̀mù, kò sí ìwé ẹ̀rí. Ó gba ìhà àríwá lọ láti wáṣẹ́, ó rí ọ̀kan ní Leeds níbi tí wọ́n ti ń rọ irin iṣẹ́. Wákàtí 54 ló fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ṣílè 11 ni wọ́n ń san fún un.

Iná mànàmáná ló wá yí ayé rẹ̀ padà. Ìmọ̀ tuntun ni nígbà yẹn, kò sí àgbà nídìí ẹ̀, ọmọ tí kò ní ìwé ẹ̀rí náà lè wọlé. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ oníná, nígbà tó sì di 1884, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ernest Claremont, dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Cooke Street ní Manchester. Royce mú 20 pọ́ùn wá, Claremont mú 50. Wọ́n ń sùn sínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù. Ààrò tí wọ́n fi ń yan ọ̀dà gbẹ sára irin, òun náà ni wọ́n fi ń gbá oúnjẹ wọn lóòru. Aago ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó kan dáínámò, ó wá kan kíréènì alágbára iná. Ọjà wọn dára, wọ́n ń rí owó.

Àmọ́ Royce ò mọ̀ ọ́n jẹun. Ká má purọ́, kì í ṣe pé owó oúnjẹ ò sí mọ́. Tó bá ti dojú kọ iṣẹ́, oúnjẹ kúrò lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Ó di kí wọ́n máa rán ọmọ iṣẹ́ tẹ̀ lé e kiri nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ife mílíìkì lọ́wọ́, bóyá á mu ún. Ìgbà mìíràn, àwọn ọmọ iṣẹ́ á dé láàárọ̀, wọ́n á bá a níbi tí oorun gbé e lọ sí lórí bẹ́ǹṣì. Ní 1902, ara rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kó lọ sinmi, ó bá wọkọ̀ ojú omi lọ sí South Africa pẹ̀lú Minnie, ìyàwó rẹ̀.

Tòkunbọ̀ tó bí i nínú

Nígbà tó padà dé, ó ra mọ́tò. Tòkunbọ̀ ni, Decauville tí wọ́n ṣe ní Faransé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà méjì. Kì í ṣe mọ́tò burúkú nígbà ayé rẹ̀ o. Ẹlòmíì tó bá rà á á ṣe àríyá. Ṣùgbọ́n etí Royce yàtọ̀. Gbogbo ariwo tí ẹ́ńjìnnì yẹn ń pa, bí ẹni ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ni létí rẹ̀: èyí irin tí kò bá ara mu, èyí gíà tí wọn ò gé dáadáa, èyí ọ́ìlì tí kò dé ibi tó yẹ. Ó tú u palẹ̀. Ó wá pinnu pé òun á ṣe tòun.

Mẹ́ta ló ṣe, tí gbogbo wọn jẹ́ oníṣìlíńdà méjì bíi ti Decauville náà. Èyí àkọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ 1, oṣù Kẹrin, 1904. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lu irin bí ìlù bó ṣe ń lọ, Royce dẹ̀ wà á dé ilé rẹ̀ ní Knutsford, nǹkan bíi máìlì 15 sí Manchester, mọ́tò ò dákú lọ́nà.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n mú Charles Rolls wá wò ó. Rolls jẹ́ ọmọ ọlọ́lá, ó ka ìwé ní Cambridge, ó ń ta mọ́tò ilẹ̀ òkèèrè ní London. Kò fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì oníṣìlíńdà méjì rárá torí gbígbọ̀n wọn àti ariwo wọn. Òun àti Royce pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì Midland ní Manchester lọ́jọ́ 4, oṣù Karùn-ún, 1904. Wọ́n gbé e yí ìlú ká nínú mọ́tò kékeré yẹn, ẹnu yà á. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti jọ ṣàdéhùn: Royce á máa ṣe é, Rolls á máa tà á. Ní 1906, wọ́n fi orúkọ àwọn méjèèjì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni àṣírí wà.

Nínú ẹ́ńjìnnì, piston ń lọ sókè sódò, ó ń yí irin gígùn kan tí wọ́n ń pè ní crankshaft. Irin yẹn jókòó sínú àwọn bearing. Àárín irin àti bearing ní àlàfo tín-ín-rín tí kò ju ìnípọn irun orí lọ. Ọ́ìlì ló gbọ́dọ̀ kún inú àlàfo yẹn. Ọ̀pọ̀ wa rò pé kí nǹkan lè máa yọ̀ nìkan ni ọ́ìlì wà fún. Rárá o. Tìmùtìmù ni. Ní gbogbo ìgbà tí epo bá gbiná nínú sìlíńdà, ẹrù ńlá máa ń já lu bearing yẹn. Tí tìmùtìmù bá wà níbẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Tí kò bá sí, irin á pàdé irin: kó-kó-kó.

Báwo ni ọ́ìlì ṣe ń débẹ̀ nígbà ayé Royce? Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni ti oníkíkán: ife onígíláàsì wà níwájú dírẹ́bà, ọ́ìlì á máa kán tó-tó gba inú páìpù lọ. Tí dírẹ́bà bá gbàgbé láti ṣí i, tàbí tí kò ṣí i tó, wàhálà dé. Èkejì ni ti onítíta: irin tó so piston mọ́ crankshaft á ní nǹkan bíi ṣíbí nídìí, á máa ki ṣíbí bọ inú ọ́ìlì, á máa ta á káàkiri bí ọmọdé tó ń fi ẹsẹ̀ ta omi. Ìyẹn ò wọ́n, àmọ́ tí mọ́tò bá ń gun òkè, ọ́ìlì á ṣàn lọ sẹ́yìn, ebi á máa pa iwájú. Ẹ̀kẹta ni ti pọ́ǹpù: ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á máa yí pọ́ǹpù kan, pọ́ǹpù yẹn á máa fi agbára ti ọ́ìlì gba inú ihò tí wọ́n lu sínú irin, títí tó fi máa dé ẹnu bearing kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré tó ni oúnjẹ rẹ̀ á ṣe máa pọ̀ tó.

Ọ̀nà kẹta yìí ni Royce mú fún mọ́tò 40/50 tó gbé jáde ní ìparí ọdún 1906. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ rò ó. Frederick Lanchester ní Birmingham náà ń fa irú okùn yẹn. Ohun tí Royce ṣe ni pé kò fi ibì kankan sílẹ̀ lébi. Ẹ́ńjìnnì náà ní sìlíńdà mẹ́fà, ó fi bearing méje gbé crankshaft rẹ̀ ró, ó dẹ̀ rí i pé ọ́ìlì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn pẹ̀lú agbára. Ìdí wà tó fi ṣọ́ra bẹ́ẹ̀. Mọ́tò oníṣìlíńdà mẹ́fà tó ti ṣe ṣáájú ti dójú tì í: crankshaft rẹ̀ gùn, ó tín-ín-rín, ó ń lọ́ra rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi kúrò lára rẹ̀, àwọn kan nínú wọn kán. Lọ́tẹ̀ yìí ó jẹ́ kí irin náà sanra, kó lágbára. Nígbà tó yá, ó tún fi ohun kan sí ẹnu rẹ̀ tó ń pa lílọ́ yẹn rọ́.

Ní 1907, wọ́n kun ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò náà ní àwọ̀ fàdákà, nọ́ńbà rẹ̀ ni AX 201. Wọ́n pè é ní Silver Ghost, Iwin Fàdákà, torí á kọjá lára rẹ láìjẹ́ pé o gbúròó rẹ̀. Wọ́n wà á, wọ́n wà á, àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ onímọ́tò jókòó tì wọ́n, títí tó fi lé ní máìlì 14,000. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì yẹn láti wo ohun tó jẹ, wọn ò rí nǹkan gidi kan. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ kó lè dà bíi tuntun, owó rẹ̀ lé díẹ̀ ní pọ́ùn méjì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo o. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Henry Ford gbé Model T jáde ní Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní pọ́ǹpù ọ́ìlì rárá. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ́ìlì fi ń rìn nínú rẹ̀: flywheel ń ta á sókè, ó ń ṣàn gba inú páìpù kan lọ síwájú. Ó ń pariwo, ó dẹ̀ ń gbọ̀n. Síbẹ̀ mílíọ̀nù 15 ni wọ́n ṣe, èèyàn tí kò lówó rí mọ́tò gùn. Royce fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, Ford fẹ́ ẹ̀dínwó, kálukú dẹ̀ rí ohun tó ń wá. Lónìí, ti Royce ló borí: pọ́ǹpù wà nínú mọ́tò tó rẹlẹ̀ jù lọ tí ẹ lè rà.

Ìjà tó kù ni pé pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ máa ń dún. Èyí tó jẹ́ gíà méjì tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lágbára, kò dẹ̀ tètè bàjẹ́, àmọ́ eyín kọ̀ọ̀kan ló ń gbá ọ́ìlì síwájú, ìgbá-ìgbá yẹn lè máa hun létí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé eyín àwọn kan ní dídagun, kí ọ̀kan má tíì tán kí èkejì tó wọlé. Òmíràn wà tó dà bí ọmọ nínú ìyá: gíà kékeré ń yí nínú òrùka ńlá tó fi eyín kan ju ú lọ, ọ́ìlì ń ṣàn jáde ní pẹ̀lẹ́. Èyí tó ń wọ inú ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun báyìí, ó ní abẹ́ pẹlẹbẹ tó ń wọlé tó ń jáde, ó lè dín ọ́ìlì tó ń tì kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò bá nílò púpọ̀. Irú tí kò lè dín kù, ṣe ló máa ń ti ju ohun tí wọ́n nílò lọ, tí á wá dá ìyókù padà gba ẹnu fáàfù, agbára ṣòfò, ariwo wà ńbẹ̀. Àmọ́ gbogbo wọn pátá, tí asẹ́ bá dí bíi tèmi, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Iná pupa tí Royce ò kà sí

Ohun tó dùn mí nìyí. Ọkùnrin tó lè gbọ́ ebi nínú irin, kò gbọ́ ti inú ara rẹ̀.

Rolls kú lọ́jọ́ 12, oṣù Keje, 1910, nígbà tí bàlúù rẹ̀ já lulẹ̀ ní Bournemouth. Ọmọ ọdún 32 ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Royce náà ṣubú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún un ní 1912, kò sì padà di alára líle mọ́ títí ayé rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá tó fi fo oúnjẹ àti oorun, àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ ò mú un kúrò nínú ohun tó dá a gúnlẹ̀. Òun àti Minnie ò gbé pọ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì kan ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà náà lọ.

Claude Johnson, tó ń darí ilé iṣẹ́ náà, wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n gbé Royce kúrò nídìí ariwo ṣọ́ọ̀bù. Á lo ìgbà òtútù ní Le Canadel, létíkun gúúsù Faransé, á dẹ̀ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ooru. West Wittering ló fìdí kalẹ̀ sí nígbẹ̀yìn. Àwọn ayàwòrán ẹ̀rọ ń gbé nítòsí rẹ̀, lẹ́tà àti àwòrán ń lọ ń bọ̀ láàárín òun àti ilé iṣẹ́ ní Derby. Fún ogún ọdún, láti ìjókòó tàbí láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣe ẹ́ńjìnnì tí kò lè fọwọ́ kàn.

Àwọn ẹ́ńjìnnì bàlúù rẹ̀ tó lókìkí, àsìkò yìí ló ti wá. Ẹ́ńjìnnì Eagle méjì ló gbé Alcock àti Brown kọjá òkun Atlantic láìdúró ní 1919, àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é. Ní 1930, ọba fi í joyè Sir. Ní 1931, ẹ́ńjìnnì R rẹ̀ gba ife ìdíje bàlúù Schneider fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Èyí tó ń ṣe lọ́wọ́ kó tó kú ló wá di Merlin, tó gbé bàlúù Spitfire nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kò gbọ́ ìró rẹ̀ rí. Ó kú ní West Wittering lọ́jọ́ 22, oṣù Kẹrin, 1933, ní ẹni 70 ọdún. Eérú ara rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Alwalton, abúlé tí bàbá rẹ̀ ti lọ ìyẹ̀fun fún àwọn ẹlòmíì jẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á wò ó pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, pé ká ní ó ń jẹun lásìkò ni, bóyá kò ní dé ibi tó dé. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò gbà. Silver Ghost jáde kó tó ṣubú, òótọ́ ni, àmọ́ Eagle, ẹ́ńjìnnì R àti Merlin jáde lẹ́yìn tí ẹnì kan ti ń fi ipá fún un lóúnjẹ, tí ó ń sùn, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí i. Ìgbà tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ló ṣe èyí tó ga jù. Ìlera lọrọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lásán.

Èmi náà mọ irú ayé yẹn. Oníròyìn kan ṣoṣo ló ń ṣe búlọ́ọ̀gì yìí. Ọjọ́ mélòó ni mo ti fi bisikíìtì àti omi tútù gbé ìròyìn jáde di agogo mẹ́wàá alẹ́? Ọ̀pọ̀ nínú yín ò yàtọ̀ sí mi. Orí tó ń fọ́ yín lọ́sàn-án, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, inú tó ń bí yín sí ẹni tí kò ṣẹ̀ yín: iná pupa ni. Ẹ má ṣe bíi tèmi, kẹ́ ẹ ní wáyà ló ń ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi fún ọ́ìlì tuntun, kò dẹ̀ sí ohun tó ń ṣe mọ́tò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dẹ etí sí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo ti jẹun. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù, mi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Ó pín ẹ̀wà àti búrẹ́dì tó wà níwájú rẹ̀ sí méjì.